Ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ṣiṣẹ́: Ó ń dá ẹ̀mí sí, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ kú

Bí dókítà kan bá fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń jẹun, tó ń bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà, tí kò sì gbọ́ kí iṣan kankan lù níbẹ̀, ó di dandan kí àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ló wà láyé lónìí, pàápàá jù lọ ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n ń rìn, wọ́n ń lọ sọ́jà, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó fà á ni pé ọkàn wọn nìkan kọ́ ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ kiri ara wọn mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ dè mọ́ ọkàn náà, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ tọ̀sán tòru. Ẹ̀rọ yìí kì í lù kìkì bí ọkàn ṣe ń lù, ńṣe ló ń yí bíi fáànù, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi í lù.

LVAD ni àwọn oníṣègùn ń pe ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe pé ó ń wo ọkàn sàn, kì í sì í ṣe pé wọ́n gbé ọkàn tuntun síbẹ̀. Ọkàn àtijọ́ wà níbi tó wà, ẹ̀rọ ló kàn ń bá a gbé ẹrù tí apá rẹ̀ kò ká mọ́.

Ọkàn èèyàn a máa lù tó ìgbà 100,000 lóòjọ́. Láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, ẹ̀jẹ̀ tó ń tì kiri ara tó lítà 5. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù, nítorí òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń bá yàrá yìí jà fún ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ nípọn bí apá alágbàárù. Nígbà tó bá yá, á fẹ̀, á dẹ̀, kò ní lè fún pọ̀ dáadáa mọ́. Bí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn bá dí, ó lè fà á, kòkòrò àìfojúrí náà lè fà á. Àwọn obìnrin kan sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bímọ tán ni ọkàn wọn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sára. Ẹsẹ̀ á wú, ikùn á wú, aláìsàn kò ní lè sùn gbalaja mọ́, àfi kó to ìrọ̀rí méjì mẹ́ta léra wọn. Tó bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nílẹ̀ Yorùbá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, torí bí ẹsẹ̀ bá ti wú, àwọn ará ilé á ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n á sì ti gbé e dé ibi méjì mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, oògùn òde òní sì dára gan-an, ọ̀pọ̀ ló ti tipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ìpele kan wà tí àìsàn yìí ń dé tí oògùn kì í ràn án mọ́. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, èémí kò ní tó o, kíndìnrín rẹ̀ náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tó dára jù fún un ni kí wọ́n pààrọ̀ ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, irú iṣẹ́ abẹ tí Dókítà Christiaan Barnard kọ́kọ́ ṣe ní Cape Town lọ́jọ́ kẹta, oṣù kejìlá, ọdún 1967. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí ọkàn tó máa kárí? Ní Amẹ́ríkà, ọkàn tí wọ́n ń pààrọ̀ lọ́dún kan kò tó 5,000, bẹ́ẹ̀ àwọn tí àìsàn yìí ń bá fínra níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 6. Àlàfo yìí ló bí ẹ̀rọ.

Lọ́dún 1966, ní ìlú Houston, Dókítà Michael DeBakey so pọ́ǹpù kan mọ́ ara obìnrin ẹni ọdún 37 kan tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára láti dá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni pọ́ǹpù náà fi bá a ṣe é, nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbéra padà, wọ́n tú u kúrò, obìnrin náà sì lọ sílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ló gbà nígbà náà pé kò ní pẹ́ tí ẹ̀rọ á fi rọ́pò ọkàn pátápátá.

Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, oṣù kejìlá, ọdún 1982, ní Yunifásítì Utah, Dókítà William DeVries yọ ọkàn Barney Clark, dókítà eléyín ẹni ọdún 61, ó sì fi ọkàn oníke tí wọ́n ń pè ní Jarvik-7 rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń ti ọkàn náà, láti inú ẹ̀rọ gàgàrà kan tí wọ́n fi rọ́bà méjì so mọ́ ọn láyà. Ibi tí rọ́bà bá gùn mọ ni Clark lè rìn dé. Gbogbo ayé ló ń ka ìròyìn rẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ń dì sí i lára, gìrì ń gbé e, kò sì kúrò nílé ìwòsàn mọ́ títí tó fi kú ní oṣù kẹta, ọdún 1983, lẹ́yìn ọjọ́ 112. Wọ́n ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ tó lè fi pa ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ bí ìyà bá pọ̀ jù. Kò lò ó.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni èrò tó yí gbogbo rẹ̀ padà ti wá. Lọ́dún 1976, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà kan, Richard Wampler, lọ ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ará abúlé kan ní Íjíbítì. Níbẹ̀ ló ti rí àwọn àgbẹ̀ tó ń fọwọ́ yí irin kan tó lọ́ bí sikúrù nínú igi oníhò, tí omi sì ń gun inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sínú oko, geere, láìdúró. Ọgbọ́n yìí ti wà láti ayé Archimedes. Wampler bi ara rẹ̀ léèrè pé ṣé dandan ni kí pọ́ǹpù ẹ̀jẹ̀ máa lù bí ọkàn. Àwọn tó gbọ́ ọ ní ohun tó ń yí kíákíá bẹ́ẹ̀ á lọ ẹ̀jẹ̀ kúná bí ata ni. Kò lọ̀ ọ́. Lọ́dún 1988, wọ́n ti pọ́ǹpù tó ṣe, èyí tí kò tóbi ju ìrésà orí pẹ́ńsù lọ, gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn aláìsàn kan, ó sì ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni pọ́ǹpù tó ń lù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ fún èyí tó ń yí.

Kí ìyẹn tó fìdí múlẹ̀, ìwádìí kan wà tó yẹ kí èèyàn mọ̀. REMATCH ni wọ́n ń pè é, ọdún 2001 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Aláìsàn 129 tí wọn kò lè pààrọ̀ ọkàn fún ni wọ́n pín sí méjì, wọ́n fi ẹ̀rọ sí 68 lára, oògùn nìkan ni wọ́n fún 61 yòókù. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, àwọn tó kù láyé nínú àwọn elẹ́rọ jẹ́ 52 nínú 100, ti àwọn olóògùn jẹ́ 25 péré. Lọ́dún kejì, 23 sí 8. Ẹni tó bá wo iye yìí dáadáa á rí i pé ìròyìn ayọ̀ ni, ìròyìn ìbànújẹ́ sì tún ni. Ẹ̀rọ ìgbà náà ń lù, ó tóbi, ó sì máa ń tètè bàjẹ́. Àmọ́ ìwádìí yẹn ló jẹ́ kí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2002 pé wọ́n lè fi ẹ̀rọ sí èèyàn lára títí ọjọ́ ikú rẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń dúró de ọkàn ẹlòmíràn.

Èyí tó ń yí ni wọ́n ń lò báyìí. HeartMate II gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2008, HeartMate 3 gba tirẹ̀ lọ́dún 2017. Ohun tó mú èyí ìkẹyìn yàtọ̀ ni pé òòfà ló gbé ohun tó ń yí nínú rẹ̀ dúró sáàárín afo, kò fara kan ibì kankan, torí náà kì í tètè jẹ, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í tètè dì sí i lára. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi wé ti àtẹ̀yìnwá, àwọn tí wọ́n fi HeartMate 3 sí lára tí wọ́n lò tó ọdún márùn-ún láyé jẹ́ bíi 58 nínú 100, ti HeartMate II jẹ́ bíi 44. Ká fi ìyẹn wé ọdún kan tí Barney Clark kò rí lò.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú rẹ̀? Wáyà kan ló ti inú ẹ̀rọ náà wá, tó gba awọ ikùn jáde síta. Ó lọ sínú àpótí pẹlẹbẹ kan tí aláìsàn so mọ́ ìbàdí, òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ, bátìrì méjì ló sì ń fún un níná. Bátìrì náà lè gbé e fún wákàtí 10 sí 17. Bó bá di alẹ́, aláìsàn á ki ẹ̀rọ bọ ojú iná ara ògiri kó tó sùn. Ibikíbi tó bá ń lọ, ó gbọ́dọ̀ gbé bátìrì mìíràn àti àpótí mìíràn dání. Kò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọpọ́n ìwẹ̀, àwọn dókítà ló sì ń sọ ìgbà tó tó láti wẹ̀ lábẹ́ omi tó ń dà, pẹ̀lú àpò tí omi kì í wọ̀. Ojú ibi tí wáyà gbà jáde jẹ́ egbò tí kì í jinná tán, wọ́n ní láti máa tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìmọ́tótó, torí bí kòkòrò bá gba ibẹ̀ wọlé, ó lè dé ìdí ẹ̀rọ. Ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ló sábà máa ń ṣe ìtọ́jú yìí, àwọn ilé ìwòsàn kì í sì í jẹ́ kí aláìsàn lọ sílé títí tí ẹni náà yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bátìrì àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ẹ̀rọ bá han gooro.

Ìtàn Peter Houghton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìhà méjèèjì hàn. Oṣù kẹfà, ọdún 2000 ni Dókítà Stephen Westaby fi ẹ̀rọ Jarvik 2000 sí i lára ní Oxford, nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ẹ̀yìn etí ni wọ́n gbé wáyà tirẹ̀ gbà, wọ́n fi sikúrù de ojú iná rẹ̀ mọ́ egungun orí. Ọkùnrin yìí lo ọdún méje àti oṣù díẹ̀ lé e, ó rìn ìrìn àjò lọ sókè òkun, ó kọ̀wé, ó ń fẹsẹ̀ rìn ọ̀nà jíjìn láti fi wá owó fún ìtọ́jú àwọn ẹlòmíràn. Westaby sọ nínú ìwé rẹ̀ pé olè kan já àpò bátìrì rẹ̀ gbà lọ́jọ́ kan, tó rò pé kámẹ́rà ni. Bí wáyà ṣe tú, ariwo sọ, ẹ̀rù ba olè, ó sì ju àpò náà sílẹ̀. Àmọ́ Houghton náà kò fi pa mọ́ pé àwọn ọjọ́ kan ń bẹ tí ọ̀rọ̀ náà sú òun. Ó kú ní oṣù kọkànlá, ọdún 2007.

Ẹni tó lókìkí jù tó lo ẹ̀rọ yìí ni Dick Cheney, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀. Ọdún 37 ló wà nígbà tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ kọlù ú, ó sì ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n fi HeartMate II sí i lára ní oṣù keje, ọdún 2010, ó sì gbé e rìn fún oṣù 20, kí wọ́n tó rí ọkàn fún un ní oṣù kẹta, ọdún 2012. Oṣù kọkànlá, ọdún 2025 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 84. Ẹ̀rọ náà kò wò ó sàn, ńṣe ló gbé e kọjá odò.

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọkàn tiwọn ló padà lágbára, bíi ti obìnrin Houston ọjọ́sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Magdi Yacoub, ọmọ bíbí Íjíbítì, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Harefield nítòsí London, kéde lọ́dún 2006 pé nínú aláìsàn 15 tí àwọn fún ní ẹ̀rọ àti oògùn pọ̀, 11 ni ọkàn wọn yá débi pé àwọn yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Àwọn tí wọ́n yàn dáadáa ni o, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí bẹ́ẹ̀. Yacoub yìí kan náà ló wá ran Ọ̀jọ̀gbọ́n Fabian Udekwu lọ́wọ́ ní Enugu lọ́dún 1974, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ọkàn èèyàn ṣe iṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí oògùn náà bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì, kó lọ sínú ọpọlọ, kó di àrùn rọpárọsẹ̀. Bó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ìfun. Apá òsì ọkàn nìkan ni ẹ̀rọ ń ràn lọ́wọ́, bí apá ọ̀tún bá kọṣẹ́, wàhálà mìíràn ti dé nìyẹn. Ẹ̀rọ pàápàá lè já èèyàn kulẹ̀. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Medtronic dá títa HVAD dúró, nítorí pé àrùn rọpárọsẹ̀ àti ikú pọ̀ lára àwọn tó ń lò ó ju ti àwọn yòókù lọ, àti pé bí wọ́n bá pa àwọn kan nínú rẹ̀, kì í fẹ́ gbéra mọ́. Nǹkan bí 4,000 èèyàn ló ṣì ní in lára nígbà náà. Wọn kò lè kàn tú u bí ẹni tú wọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ gbọ́, ìyẹn ni ìgbà tí wọ́n máa pa ẹ̀rọ. Bí ọpọlọ aláìsàn bá ti kú, tàbí tí jẹjẹrẹ mú un, ẹ̀rọ á ṣì máa yí. Ní àwọn ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́, wọ́n máa ń bá aláìsàn sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ rárá, kó lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́. Ìdí pàtàkì ló fi yẹ bẹ́ẹ̀, torí bí kò bá sọ ọ́, àwọn ọmọ ló máa wá jà lórí rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kò sì tíì simi. Daniel Timms, ọmọ púlọ́ńbà kan ní Queensland ní Australia, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkàn onírin kan pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nínú gáréèjì ilé wọn. Ọkàn bàbá náà kọṣẹ́, ó sì kú lọ́dún 2006, kí iṣẹ́ tó parí. BiVACOR ni orúkọ ọkàn náà, ohun kan ṣoṣo ló ń yí nínú rẹ̀, òòfà ló sì gbé e dúró. Oṣù keje, ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí èèyàn lára ní Houston. Ní Sydney, ọkùnrin kan tí wọ́n fi sí lára ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kúrò nílé ìwòsàn pẹ̀lú rẹ̀, ó sì lò ó kọjá 100 ọjọ́ kó tó rí ọkàn èèyàn gbà.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ní ẹbí lókè òkun, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé òfin ibì kan kì í ṣe ti ibòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n lè fi ẹ̀rọ yìí sí àgbàlagbà lára títí ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń dúró de ọkàn ẹlòmíràn ni NHS ń san owó rẹ̀ fún, ìwọ̀nba ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ ọkàn ló sì ń ṣe é. Ìyá tí wọ́n ní kò sí fún ní London, tí wọ́n sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Houston, kì í ṣe pé ẹnì kan ṣe ojúsàájú fún un.

Bí ẹnì kan bá sì gbé e wálé ńkọ́? Iná ni ìṣòro àkọ́kọ́. Lọ́dún 2024, léraléra ni gíríìdì orílẹ̀-èdè yìí ń ṣubú tí gbogbo ilẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ẹni tó lówó lè to jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti sólà jọ. Ṣùgbọ́n iná tó ń lọ sókè sódò lè ba ohun tí wọ́n fi ń gba bátìrì sí jẹ́, bátìrì rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà ní Alábà. Yóò nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lóòrèkóòrè, yóò nílò dókítà tó mọ ohun tó ń ṣe bí ẹ̀rọ bá han lóru. Owó ẹ̀rọ nìkan, kí wọ́n tó sọ ti iṣẹ́ abẹ, ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè kó jọ lọ, àpò ara wọn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń tọ́jú ara wọn níbí.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, àwọn dókítà ṣe àkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kọṣẹ́, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2014. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ti 78 nínú 100 wọn. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti òyìnbó, tó jẹ́ pé òpó ẹ̀jẹ̀ tó dí ló ń fa púpọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni ohun tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì wọ̀n ní apá láàárín ìṣẹ́jú méjì, tí oògùn rẹ̀ wà ní gbogbo ilé ìpoògùn ìgboro. Bí wọ́n bá ro ọjọ́ orí àwọn ará Abẹ́òkúta náà pọ̀, tí wọ́n pín in dọ́gba, ọdún 56 ló ń bọ́ sí. Ti àwọn tó wà nínú ìwádìí REMATCH lé ní 65.